Dìgíríì Mẹ́ta Tí Mo Fi Kún Un

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tójú mi rí. Àbí kí n kúkú sọ ọ́ bó ṣe jẹ́: ohun tí ẹnu mi fà! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti pa á rẹ́. Lónìí, ó gbọ́dọ̀ jáde.

Tísà físíìsì ni mí níbí l'Ádó-Èkìtì. Ẹni tó kọ́ èmi náà ní físíìsì ti fẹ̀yìn tì, Ìyìn ni wọ́n ń gbé. Bàbá Tísà ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Bí Sátidé bá ti dé, màá wọ mọ́tò ní Fájuyì, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá. Kí ni mò ń lọ ṣe? Mò ń lọ ka tẹmómítà ni o!

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Gúlákómà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ojú Bàbá tán, wọn ò lè rí nọ́ńbà mọ́. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí wọ́n gbé dání, nọ́ńbà ni gbogbo ẹ̀. Cold fusion ni. Nínú oòrùn, átọ́ọ̀mù kéékèèké máa ń so pọ̀, ooru ńlá á sì jáde. Bàbá gbà pé irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ nínú ìgò omi lórí tábìlì. Àwọn onísáyẹ́ǹsì tó pọ̀ jù ti ní kò lè ṣeé ṣe, wọ́n ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́. Àmọ́ àwọn kan ò gbà. Wọ́n ní gúrúùpù WhatsApp kan, ará Ìbàdàn wà níbẹ̀, ará Íńdíà wà níbẹ̀, ará Ítálì wà níbẹ̀. Èmi ni mò ń ka ọ̀rọ̀ wọn fún Bàbá, èmi náà ni mò ń bá Bàbá tẹ èsì.

Ìgò méjì ni Bàbá ní. Wáyà níkẹ̀lì wà nínú ọ̀kan, wáyà lásán wà nínú èkejì, iye iná kan náà láti ara bátìrì sólà ló ń wọ méjèèjì. Bí ti níkẹ̀lì bá gbóná ju èkejì lọ, a jẹ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ọdún kan gbáko la fi ń wò ó. Sátidé yìí, ọgbọọgba. Sátidé tó tẹ̀ lé e, ọgbọọgba!

Nígbà tó di ọjọ́ kan, Màmá, ìyàwó wọn, pè mí sẹ́yìnkùlé. Wọ́n ní Bàbá ò jẹun dáadáa mọ́, pé Bàbá ní bí tòní náà bá já sí asán, àwọn á kó ìgò dànù, àwọn á kúkú jókòó de ikú. Mo wọlé. Bàbá tẹ̀ mọ́ tábìlì, wọ́n ń dúró dè mí.

"Fọlákẹ́, kí lo rí?"

Mo wo tẹmómítà inú ìgò méjèèjì. Ọgbọọgba ni.

Mo ní, "Sà, ti níkẹ̀lì fi dìgíríì mẹ́ta lé."

Ta ló rán mi níṣẹ́? Àánú wọn ló ṣe mí, mo fẹ́ kí wọ́n jẹun ni. Bàbá gbá tábìlì, wọ́n fi Èkìtì pe iná, wọ́n pariwo pé, "Uná ti dé! Uná ti dé o!" Wọ́n ní kí Màmá gún iyán. Wọ́n jẹun débi pé Màmá ń sunkún ayọ̀. Èmi náà jẹ, mo ní mo ṣoore! Wèrè ni mí.

Mo rò pé ibẹ̀ ló máa parí sí. Bàbá ní kí n tẹ̀ ẹ́ sí gúrúùpù. Kí ni mo fẹ́ wí? Mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ wá wo ìdùnnú! Ará Íńdíà ń kí wọn, ará Ítálì ń ṣàdúrà fún wọn. Kálukú gbé ìgò tirẹ̀ kalẹ̀. Kò gbóná. Wọ́n tún un ṣe, kò gbóná. Ni kùn-ún-kùn-ún bá bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní bírọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Ogún ọdún kẹ̀? Tèmi ò pé oṣù méjì!

Ẹnjiníà kan nínú gúrúùpù wá láti Ìbàdàn. Ó gbé mítà tirẹ̀ dání, èyí tó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ la jókòó ti ìgò. Ọgbọọgba. Ọkùnrin náà ò sọ̀rọ̀ burúkú o. Ó kàn bi Bàbá léèrè pé ṣé kì í ṣe pé ojú wọn ló ṣì í kà.

Bàbá na ọwọ́ sí ibi tí wọ́n rò pé mo wà. "Ojú mi kọ́ ló kà á. Ọmọ yìí ló kà á. Èmi ni mo kọ́ ọ, kì í parọ́. Bí ẹ bá fẹ́ pe ẹnìkan ní elékèé, èmi ni kí ẹ pè."

Ilẹ̀ ì bá lanu kó gbé mi mì!

Ẹnjiníà lọ, ó kọ ohun tó rí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, wọ́n ti ń pe Bàbá ní oníjìbìtì, wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú gúrúùpù. Ọkùnrin tó fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ pé wọn ò gbọdọ̀ yí nọ́ńbà! Èmi náà ni mo sì ka gbogbo èébú yẹn sí wọn létí lórí fóònù, torí kò sí ẹlòmíràn tó lè kà á.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo ti ń retí kí wọ́n gbá mi létí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n ní, "Gbogbo èyí tó o ti ń kà fún mi láti ọdún tó kọjá, èwo ló jóòótọ́ níbẹ̀?"

Mo ní gbogbo ẹ̀ ni, sà, àfi ẹyọ kan yẹn. Mo búra.

Wọ́n ní, "Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀?"

Wọn ò yọ nọ́ńbà tèmi kúrò ní gúrúùpù, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo parọ́. Wọ́n ní Bàbá ló rán mi.

Mo ṣì ń lọ sí Ìyìn. Bàbá ò bá mi jà, wọ́n máa ń ní kí n jókòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, lẹ́tà kan dé láti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wo ojú wọn. Mo nawọ́ kí n gbà á kà. Bàbá ní kí n fi í sílẹ̀. Màmá ni wọ́n gbé e fún, Màmá tí kò kàwé kọjá pírámárì mẹ́ta. Màmá ń pe ábídí inú ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, Bàbá ń so ó pọ̀ di ọ̀rọ̀, èmi jókòó níbẹ̀ bí àlejò.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bẹ́ni tí kò ríran bá ní kẹ́ ẹ bá òun wò ó, ohun tẹ́ ẹ rí gan-an ni kẹ́ ẹ sọ, bó tilẹ̀ máa pa á lẹ́kún. Ṣé ẹni kan wà nínú yín tó ti fi irọ́ tu ẹni tó fẹ́ràn nínú rí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Ṣé ó padà gbé ìwé rẹ̀ fún yín pé kẹ́ ẹ bá òun kà á?