Orúkọ Tí Ìyàwó Ilé Wa Sọ Wá

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Inísà, ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í dúró lórí mi. Tíṣà á ní ká dà á kọ, ká kà á sókè, àmọ́ kó tó di ọ̀sán, ó ti fò lọ. Bàbá mi sì ti sọ ọ́ láìfepobọyọ̀: bí n kò bá yege ìdánwò àtiwọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkìrun, Òkukù ni mò ń lọ láti kọ́ṣẹ́ bíríkìlà. Kò sóhun tó burú nínú bíríkìlà o. Èmi ni n kò fẹ́.

Ọdún yẹn ni àbúrò bàbá mi gbé ìyàwó. Láyé ìgbà náà, ìyàwó kì í pe ọmọ ilé ọkọ lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́ ló bá níbẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa wá orúkọ mìíràn fún un: Adúmáadán, Ìbàdíàrán, Eyínfúnjowó. Ìyàwó tiwa ti lọ sí girama díẹ̀ kí wọ́n tó fẹ́ ẹ. Nígbà tó rí i bí ìwé ṣe ń fìyà jẹ mí, ó ní Gẹ̀ẹ́sì lòun máa fi sọ wá lórúkọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ di Slender. Àbúrò ọkọ ìyàwó náà, àbígbẹ̀yìn ìyá àgbà wa, ẹni tí wọ́n máa ń bẹ̀ kó tó lọ wẹ̀, di Reluctant. Ìyá àgbà rò pé oyè ńlá ni, wọ́n a sì máa fi kí i níwájú àlejò: "Reluctant, ọmọ mi!" Èmi ni Punctual, nítorí n kì í pẹ́ dé ìdí oúnjẹ.

"Punctual, ọkọ mi, ẹ ti gbóòórùn ọbẹ̀ nìyẹn," ni yóò wí láti ilé ìdáná, gbogbo wa á bú sẹ́rìn-ín.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lórí mi nìyẹn. Tí mo bá ti rí ojú èèyàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ á dé. Nígbà tí èèyàn ilé tán, orúkọ bọ́ sórí ewúrẹ́ àti àkùkọ.

Kí ìdánwò tó dé, ìyàwó wa lọ bímọ ní Ìkìrun. Òun àti ọmọ kò padà wálé. N kò sunkún. Wọ́n ní kí n jẹun, mo jẹun. Wọ́n ní kí n lọ kàwé, mo kàwé. Gbogbo ara mi kàn kú, bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé pẹ́.

Òkukù la ti ṣe ìdánwò. Ìbéèrè kan ní ká kọ ọ̀rọ̀ tó bá ẹni tí kì í pẹ́ lẹ́yìn mu. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó wa ketekete. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo kọjá sí èyí tó kàn. Nígbà tí wọ́n ní mo yege, bàbá mi pa adìyẹ. Mo jẹ nínú rẹ̀, n kò mọ adùn rẹ̀.

Ayé ti yí. Àwọn ìyàwó ilé wa ìsinsìnyí ń pe orúkọ mi gan-an, wọ́n á kàn fi "Bọ̀dá" síwájú, n kò sì bínú. Ẹ̀yin náà, fóònù ló ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ fún yín, ó sì yá ju tiwa lọ. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí irun mi fi ń funfun. Ṣùgbọ́n ẹni tó sọ gbogbo wa lórúkọ, kò sẹ́nì kan nínú wa tó sọ òun ní nǹkan kan. Ìyàwó la pè é títí wọ́n fi sin ín.