Táàpù Béésìnì Màmá Mi

Làkúrègbé ti mú ọrùn ọwọ́ màmá mi, wọn ò lè lọ́ táàpù béésìnì balùwẹ̀ wọn ní Surulere dáadáa mọ́. Olórí róbótó ni, táàpù àtijọ́. Tí wọ́n bá ṣí i, wọn kì í lè tì í tán, omi á sì máa kán tó, tó, tó títí ilẹ̀ á fi ṣú. Èmi tí mi ò ní sùúrù, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, mo gba Mushin lọ láti ra táàpù tuntun.

Obìnrin tó ń ta nǹkan púlọ́ńbà da ìbéèrè bò mí: "Àǹtí, béésìnì yín, oníhò kan ni àbí oníhò méjì? Táńkì yín ńkọ́, ṣé ó ga? Tí kò bá ga, ẹ má ra eléyìí o, omi ẹ̀ ò ní lágbára." Mo mú èyí tó ní ọwọ́ gbọọrọ, tí ìka kan péré lè gbé sókè. Inú mi dùn sí ọgbọ́n mi.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí púlọ́ńbà dè é tán, mo bá màmá níwájú béésìnì. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ń lọ́ nǹkan kan nínú afẹ́fẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ táàpù tuntun náà. Wọ́n fi ọwọ́ ra ọwọ́, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n nù ún mọ́ táwẹ́ẹ̀lì. Omi kankan ò jáde. A máa ń sọ pé ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun. Ta ló sọ ibi tí àgbà tó ń fi afẹ́fẹ́ wẹwọ́ á ti jẹun?

Ìgbàgbé ti ń yọ màmá lẹ́nu tẹ́lẹ̀, àmọ́ wọn ò ṣi ilé wọn mọ̀ rí, wọn ò sì ṣì mí mọ̀ rí. Ohun tí mò ń bẹ̀rù jù láyé nìyẹn.

Wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Ọmọ mi, ilé ta nìyí?"

"Ilé yín ni, mà."

"Rárá o. Wọ́n kọ́ ọ kó jọ ilé mi ni. Wọ́n ṣe fèrèsé, wọ́n ṣe ilẹ̀kùn, àmọ́ wọn ò rántí táàpù mi. Jẹ́ ká máa lọ kí onílé tó dé."

Ohùn wọn tutù débi pé èmi náà bojú wẹ̀yìn. Àga, kọ́tìnì, àwòrán bàbá mi lára ògiri, gbogbo rẹ̀ wá dà bí ohun tí ẹnì kan tò síbẹ̀ láti fi tàn wá jẹ. Màmá kọ oúnjẹ, wọ́n ní ti onílé ni. Wọ́n gbé báàgì lé itan, wọ́n ń retí kí n mú wọn lọ sílé.

Mo sáré padà sọ́dọ̀ obìnrin yẹn ní Mushin. "Olórí róbótó? Àǹtí, ta ló ṣì ń ra ìyẹn?" Ó ṣáà wá ọ̀kan jáde láàárín eruku, púlọ́ńbà sì wá pààrọ̀ rẹ̀.

Màmá lọ́ ọ. Ó nira fún wọn, àmọ́ omi jáde. Wọ́n mí kanlẹ̀. "Ilé mi rè é o! Olúwa, o ṣeun." Ayọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Mo pè wọ́n.

Wọ́n yíjú, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́, wọ́n nu ọwọ́ wọn gbẹ kí wọ́n tó kí mi.

"Ẹ káàbọ̀ o, àǹtí. Ẹ má bínú, mi ò mọ̀ pé a lálejò. Ẹ jókòó ní pálọ̀, ọmọ mi ò ní pẹ́ dé."

Mo lọ jókòó. Mo ń wo ilẹ̀kùn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọmọ náà tètè dé.