Bí Mo Ṣe Dán Kẹ́tùbẹ́ẹ̀lì Ọmọ Ẹ̀pẹ́ Wò

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ọmọkùnrin náà ti wọlé mi ní Ìkòròdú ni n kò ti fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, tó ń ṣe tíṣà ní Ẹ̀pẹ́, ló mú un wá pé ẹni tí òun fẹ́ fẹ́ nìyẹn. Mo bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Apẹja ni bàbá rẹ̀, apẹja ni bàbá bàbá rẹ̀. Òun ní òun ò pẹja, òun ṣí jíìmù sínú pálọ̀ ilé wọn, àwọn obìnrin ń wá gbé irin níbẹ̀ láràárọ̀ láti fi ṣe eré ìdárayá. Mo ní irin wo? Ló bá gbé méjì jáde nínú àpò: irin roboto bí àgbọn, tó ní etí ńlá lórí tí èèyàn á fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Kẹ́tùbẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun fúnra òun lòun yọ́ kóńdẹ́mù ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi, tí òun dà á sínú iyanrìn. Ó ní kò lè fọ́ láéláé.

Èmi tí mo fi ọgbọ̀n ọdún ṣe wẹ́dà, tí mò ń jó irin pọ̀, n kò tí ì rí irin tí kì í fọ́. Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Mo ní kó fi méjèèjì sílẹ̀ fún mi fún oṣù kan. Bí ọ̀kan bá fọ́, kó lọ wá ọmọ ẹlòmíràn fẹ́. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Mo ní kó lọ sunkún ní Ẹ̀pẹ́.

Láràárọ̀ ni mò ń gun òkè pẹ́tẹ́ẹ̀sì lọ, tí mò ń jù wọ́n sílẹ̀ sórí kọnkéré. Onílé tí mo háyà ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u. Mo so àpò sìmẹ́ǹtì mọ́ wọn, mo fi etí wọn kọ́ igi máńgòrò fún ọjọ́ mẹ́ta. Kọnkéré ló ń fọ́, irin kò fọ́, inú sì ń bí mi sí i.

Gbogbo Sátidé ni ọmọkùnrin náà ń wá wò wọ́n. Bó bá ti dé, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, nítorí ẹni tó ń wá aya kì í fi ìdúró kí bàbá ìyàwó. N kì í tètè ní kó dìde. Lọ́jọ́ kan, mo mu tíì mi tán, mo tún fọ kọ́ọ̀bù, kó tó gbọ́ "dìde" lẹ́nu mi. Kò ráhùn. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù: mo fẹ́ kó fèsì kí n lè rí nǹkan dì mú.

Ní Sátidé kẹrin, mo ju ọ̀kan sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, etí irin náà sì já. Èmi tí orúnkún ń dùn, mo sáré sọ̀ kalẹ̀. Mo ní, "Ṣé o rí i? Ó yá, máa lọ sílé." Ó mú etí tó já náà, ó yí i síbi tí oòrùn wà. Ihò kan wà nínú rẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ há sí nígbà tó ń dà á. Ó fi ìka tọ́ ihò náà wò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣé. Èyí gan-an ni ọmọ yín máa ń gbé kọjá orí rẹ̀."

Ó kó irin rẹ̀ méjèèjì, ó lọ. Kò tilẹ̀ bẹ̀ mí. N kò rí ìdùnnú tí mo rò pé màá rí.

Lọ́jọ́ kẹta, ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Kò kí mi. Ó ní ọmọkùnrin náà ti fi òòlù ńlá fọ́ gbogbo irin inú jíìmù rẹ̀, kò ku ẹyọ kan, ó sì ti ní kí àwọn tó ń wá síbẹ̀ máa lọ sílé wọn.

Mo ní, "Èyí tí kò fọ́ lọ́wọ́ mi ńkọ́?"

Ó ní, "Ó fọ́ ìyẹn náà. Ó ní òun ò lè rí inú ẹ̀."

Iwájú ilé ni mo jókòó sí, géètì onílé ló kọjú sí mi. Èmi ni mo jó irin rẹ̀ pọ̀. Ojú ibi tí mo ti jó o pọ̀ là nígbà tí mò ń ṣe é. Ó rẹ̀ mí láti tún un jó, mo fi pọ́tì tí àwọn pẹ́ńtà fi ń dí ihò dí i, mo kun ọ̀dà dúdú lé e, onílé sì yìn mí. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń gùn ún, tí wọ́n ń fi ṣe jangirọ́fà.

Mo sọ fún ọmọ mi pé kí ẹbí ọkọ rẹ̀ máa bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ ní Sátidé. Mo ní n kò fẹ́ràn ọmọkùnrin náà síbẹ̀ o. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo lọ lé àwọn ọmọ náà kúrò lórí géètì.