Ìlú Tí Kò Sí Ìkùukùu

Ní Ìyìn-Èkìtì, bí hẹlikópítà bá ti dún lókè, ì báà jẹ́ ti ṣọ́jà, ì báà jẹ́ ti ìjọba, àwọn ọmọdé á na ọwọ́ sójú ọ̀run, wọ́n á ní Bọ̀dá Adébíyìí ló ń kọjá. Kì í ṣe òun. Adébíyìí kò fò dé sàkáání Èkìtì rí. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, létí òkun, ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń fi hẹlikópítà gbé àwọn òṣìṣẹ́ elépo lọ sórí àwọn ilé onírin tí wọ́n kọ́ sáàárín omi. Á lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbi iṣẹ́, á wá fi mẹ́ta sinmi lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ ní Adó. Jùmọ̀kẹ́ ni ìyàwó náà ń jẹ́, òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ọmọ Èkìtì tó ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ máa kó bọ̀ wá sílé, ó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dé, ó sì gba yàrá méjì lẹ́yìn Fájuyì ní Adó. Ọdún kẹfà tí wọ́n ti ṣègbéyàwó nìyẹn, wọn ò tíì gbọ́ ẹkún ọmọ.

Ní ọdún 1997, ohun méjì wọlé tọ̀ wọ́n nínú oṣù kan ṣoṣo. Jùmọ̀kẹ́ lóyún. Ilé iṣẹ́ Adébíyìí sì kọ̀wé sí i pé àkókò tó fún un láti lọ gba ìwé àṣẹ àtimáa fi géèjì, àwọn aago atọ́nà iwájú awakọ̀, nìkan fò. Ẹni tí kò ní ìwé yìí, ojú ọ̀run tó mọ́ nìkan ló lè fò sí. Bí ìkùukùu bá ti dí ọ̀nà, àfi kó padà. Ẹni tó bá ní in lè wọ inú funfun náà lọ, kó má rí ilẹ̀, kó má rí omi, kó ṣáà máa wo àwọn géèjì iwájú rẹ̀ títí yóò fi yọ sí òdìkejì. Láìsí ìwé náà, kò sẹ́ni tó lè di ọ̀gá nídìí iṣẹ́ wọn.

Ibi méjì ni ilé iṣẹ́ fi síwájú rẹ̀, wọ́n ní kó mú ọ̀kan. Ti Ìlú Ọba gba oṣù márùn-ún, ó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ó sì wọ inú òtútù. Hẹlikópítà ńlá ni wọ́n ń lò níbẹ̀, wọ́n á sì gbé akẹ́kọ̀ọ́ wọ inú òjò àti ìkùukùu gidi. Ti Amẹ́ríkà kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lọ, ní apá ibì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú. Hẹlikópítà kékeré elérò méjì ni tiwọn, òfin kò sì gbà kó wọ ìkùukùu rárá. Wọ́n á fi ìbòjú kan dé akẹ́kọ̀ọ́ lórí, tí kò fi ní rí nǹkan kan àyàfi géèjì, olùkọ́ á sì máa bá a wo ìta. Ìwé ẹ̀rí méjèèjì ni ilé iṣẹ́ gbà.

Ọ̀gá tó ń fò pẹ̀lú rẹ̀ jù lọ ni Ilésanmí, ọmọ Igbemo-Èkìtì, tó ti lo ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ó pe Adébíyìí sẹ́yìn ọ́fíìsì lọ́jọ́ kan.

“Ibi tí òjò ti ń rọ̀ ni kó o lọ,” ó ní. “Ẹni tí wọ́n dé ìbòjú fún mọ̀ pé tóun bá ṣí i kúrò lójú, oòrùn ń ràn níta. Nínú ìkùukùu, kí lo fẹ́ ṣí?”

Nígbà tó délé, Jùmọ̀kẹ́ náà ka ìwé méjèèjì láti òkè délẹ̀, ó sì ní kó lọ sí Ìlú Ọba. Ọmọ náà yóò dé ní ìparí oṣù kọkànlá, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun á wá bá a gbé. Oṣù márùn-ún kì í ṣe ọdún márùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ mú fọ́ọ̀mù Ìlú Ọba lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tẹ̀wé ní Fájuyì, ó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ku kí ọkọ rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Ohun tí Jùmọ̀kẹ́ kò mọ̀, tí Ilésanmí pàápàá kò mọ̀, ni pé ìkùukùu ń ba Adébíyìí lẹ́rù. Ọdún méjì ṣáájú, òun àti ọ̀gá mìíràn ṣèèṣì wọ inú ọ̀kan lójú òkun. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Nígbà tí wọ́n balẹ̀, ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó bì, ó fi omi ṣan ẹnu, ó sì jáde bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Láti ìgbà náà, bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, á máa gbàdúrà kí wọ́n fagi lé ìrìn náà. Nínú ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ránṣẹ́, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé oòrùn kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn, pé akẹ́kọ̀ọ́ àwọn kì í pàdánù ọjọ́ kan nítorí òjò. Gbólóhùn yẹn ló kà lẹ́ẹ̀mẹrin. Ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Ó ti fọ́ọ̀mù tí wọ́n tẹ̀ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. “Amẹ́ríkà ni mò ń lọ,” ó sọ fún Jùmọ̀kẹ́. “Mi ò lè fi ìwọ àti oyún yìí sílẹ̀ fún oṣù márùn-ún. Lẹ́yìn ọdún méje? Rárá.”

Omijé bọ́ lójú Jùmọ̀kẹ́. Adébíyìí lọ, ó ṣe dáadáa, ó sì gba máàkì tó ga ju ti gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó padà dé kí oṣù kọkànlá tó dá sí méjì, òun ló sì gbé ìyàwó rẹ̀ lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ tí ọmọ fẹ́ dé. Obìnrin ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Olúwabùnmi.

Ní oṣù kẹjọ ọdún tó tẹ̀ lé e, òun àti Ilésanmí gbé èrò mẹ́sàn-án kúrò létí òkun láàárọ̀. Adébíyìí ló ń wa ọkọ̀, ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ìkùukùu dúró dè wọ́n lójú ọ̀nà bí ògiri, kò sì sí ìdí láti padà, nítorí àwọn méjèèjì ní ìwé. Ó wọ̀ ọ́. Kò pẹ́ rárá tí ara rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé ọkọ̀ ti tẹ̀ sí ọ̀tún. Géèjì ní ó dúró ṣánṣán. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kó má ṣe gba ara gbọ́, ó sì mọ̀ ọ́n sórí bí ẹni mọ Olúwa ni Olùṣọ́-àgùntàn mi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò dúró gbọ́. Ó ti ọ̀pá ìdarí sí òsì. Ọkọ̀ fì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ẹnìkan kígbe lẹ́yìn.

“Mo ti gbà á,” ni Ilésanmí wí jẹ́ẹ́, ó sì gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó fara pa. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́, wọ́n sì bi Adébíyìí léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní òun kò sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà ni. Wọ́n ní kó ṣì dúró sí ọ́fíìsì ná. Oṣù mẹ́ta ló fi ń to ìwé, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbéra lójú rẹ̀. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ó padà wá sí Adó, ó sì ríṣẹ́ olùkọ́ físíìsì ní iléèwé girama kan.

Abọ́sẹ̀dé, ìyá rẹ̀, kò mọ inú ìkùukùu, kò mọ òde rẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé ọmọ òun ìbá ti lọ sí Ìlú Ọba níbi tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ náà dójú àmì, pé nítorí oyún ni kò fi lọ. Lọ́jọ́ Kérésìmesì, gbogbo ẹbí péjọ sí ilé rẹ̀ ní Ìyìn. Bí wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́, ìyá náà mí kanlẹ̀.

“Ulé yìí ìbá ti yàtọ̀,” ó ní, tó ń fi ohùn Èkìtì sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbàdúrà. “Obìnrin tó bímọ láìsí ọkọ rẹ̀ nítòsí kò lóǹkà. Mélòó ló kú?”

Mosúnmọ́lá, ẹ̀gbọ́n Adébíyìí, fi àmín sí i lábẹ́lẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ gbójú sókè wo ọkọ rẹ̀. Adébíyìí ń yọ egungun ẹja nínú oúnjẹ rẹ̀. Ó yọ ọ́ títí, ó yọ èyí tí kò sí níbẹ̀ pàápàá.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe di ìtàn ẹbí nìyẹn. Wọ́n sọ ọ́ ní Àjíǹde, wọ́n sọ ọ́ níbi ìkómọ ìbátan wọn kan. Jùmọ̀kẹ́ kì í fèsì. Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ wọn pé ọdún kan àbọ̀ nígbà tí Adébíyìí bi í pé kí ló dé tí kì í gbèjà ara rẹ̀.

Ó rẹ́rìn-ín. “Kí ni mo fẹ́ gbèjà? Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń rántí pé ọkọ mi fi Ìlú Ọba sílẹ̀ nítorí mi. Ìyàwó mélòó ló rí irú ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa wí.”

Adébíyìí dá oúnjẹ rẹ̀ padà sínú ìkòkò lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ilésanmí ti fẹ̀yìn tì nígbà yẹn, ó wà ní Igbemo nídìí oko ọ̀pẹ rẹ̀. Adébíyìí lọ bá a lọ́jọ́ Sátidé kan, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí èébì ọjọ́ àkọ́kọ́. Àgbàlagbà náà gbọ́ ọ tán, kò bínú.

“Lọ́jọ́ tí wọ́n bi ọ́ léèrè, mò ń retí kó o la ẹnu rẹ,” ó wí. “Ká ní o sọ pé ẹ̀rù ló bà ọ́, mo ti múra láti ní kí wọ́n rán ọ lọ sí Ìlú Ọba. Ta ló ń rán ẹni tí kò sùn dáadáa lọ síbi kan? Wọ́n á ní kó lọ sùn ni.” Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. “Èmi náà bì, Bíyìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta.” Lẹ́yìn náà ló wá béèrè bóyá Jùmọ̀kẹ́ ti gbọ́.

Kò tíì gbọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adébíyìí bá Jùmọ̀kẹ́ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà, ó sì sọ ọ́ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́: pé kì í ṣe nítorí oyún, pé òun ti yan Amẹ́ríkà kí òun tó rántí oyún rárá. Jùmọ̀kẹ́ ń ṣa ẹ̀wà rẹ̀ lọ títí ó fi ṣa á tán.

“Ó dára tí ẹ sọ ọ́, Dádì Bùnmi,” ó ní. “Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣoṣo tí mo fi ń gbé ọ̀rọ̀ ilé yín nìyẹn. Ẹ ti wá gbà á lọ́wọ́ mi báyìí. Kí ni kí n wá fi gbé e?”

Adébíyìí kó ìdọ̀tí ẹ̀wà náà, ó lọ dà á nù.

Ó lọ sọ fún ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ kejì lẹ́yìn ìsìn. Abọ́sẹ̀dé jókòó, ó ní òun ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìdajì ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó wọ mọ́tò wá sí Adó, òun pẹ̀lú iṣu mẹ́rin, ó sì sọ fún Jùmọ̀kẹ́ pé, “Ìyàwó mi, mo ṣẹ̀ ọ́.” Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó ní kò sí nǹkan kan, Màmá, ó sì se nínú iṣu náà fún un. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ Ìlú Ọba nínú ẹbí mọ́.

Láàárín tọkọtaya náà, kò sí ìjà. Jùmọ̀kẹ́ ń kí i láàárọ̀, ó ń bu oúnjẹ fún un, wọ́n ń gbàdúrà papọ̀. Ohun tó yí padà kò ṣeé fọwọ́ kàn. Tẹ́lẹ̀, kò sí ohun tí Jùmọ̀kẹ́ kì í gbé wá síwájú ọkọ rẹ̀ kó tó ṣe é, títí kan aṣọ tó fẹ́ rà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1999, iṣẹ́ ìjọba fẹ́ rán an lọ kẹ́kọ̀ọ́ oṣù mẹ́sàn-án ní Ìbàdàn. Ìgbà tó ti fọwọ́ síwèé tán ló sọ fún un.

Adébíyìí ní ó dára. Òun ló gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ lọ sí gáréèjì, Olúwabùnmi wà lọ́rùn rẹ̀. Jùmọ̀kẹ́ ṣàlàyé oògùn ikọ́ ọmọ náà fún un, síbí kan láàárọ̀, síbí kan lálẹ́, ó sì wọlé sí ìjókòó àárín. Nígbà tí mọ́tò gbéra, ọmọ nìkan ni Jùmọ̀kẹ́ juwọ́ sí. Adébíyìí dúró níbẹ̀ títí awakọ̀ tó kàn fi bi í bóyá òun náà ń lọ ni.