Ọ̀rọ̀ tí Jagunjagun Yẹn Kò Sọ

Òórùn ọṣẹ ni òwúrọ̀ Sátidé máa ń gbé wọlé tọ̀ wá ní àdúgbò Ọgbà. Bàbá mi á ti iṣẹ́ alẹ́ dé láti ilé iṣẹ́ ọṣẹ ní Oregun, òórùn náà á ti wọ aṣọ wọn, á wọ irun wọn. Wọn kì í sùn. Fíìmù sàmúráì ni wọ́n á kọ́kọ́ fi sínú fídíò, àwọn jagunjagun Jàpáàn àtijọ́ tí ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ nínú kùrukùru bí ẹni ń lálàá. Ó máa ń ṣe mí bíi pé kùrukùru ọyẹ́ ìta wa ló wọnú tẹlifíṣọ̀n lọ. Bàbá a máa ní, "Ẹni tí kì í tètè fa idà yọ, òun ni àgbà."

Bàbá mi kò kàwé. Èmi, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ògbufọ̀ wọn. Mo ń ka ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀ àwòrán, èyí tí n kò bá sì rí kà, mo ń fi tèmi dí i. Gbogbo sàmúráì ló ń sọ̀rọ̀ bí ará Ògbómọ̀ṣọ́ lẹ́nu mi.

Láàárọ̀ Sátidé kan, báàgì Bọ̀ọ̀dá Wàsíù wà lẹ́nu ọ̀nà. Àbúrò Bàbá mi ni wọ́n, wọ́n ń kọ́ṣẹ́ wẹ́dà ní Agége, àwọn ló sì máa ń gbé mi kọ́rùn lọ sílé ìwé. Wọ́n ti gbé ọ̀kadà Bàbá láìtọrọ, wọ́n lọ fi kọlu òpó iná ní Maryland. Bàbá ní kí wọ́n padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Ìyá mi bẹ̀bẹ̀ títí, Bàbá ò gbọ́.

Nínú fíìmù, àgbà jagunjagun kan kọjú sí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti fa idà yọ, ó sọ̀rọ̀ kan.

"Kí ló wí?" ni Bàbá bi mí.

Ọ̀rọ̀ òyìnbó náà ti kọjá kí n tó kà á. Òwe tí Ìyá mi fi bẹ Bàbá láàárọ̀ yẹn ló bọ́ sí mi lẹ́nu: "Ó ní idà ń wó ilé ara rẹ̀, ó ní òun ń ba àkọ̀ jẹ́."

Bàbá yíjú sí mi. "Àwọn ará Jàpáàn náà mọ̀ bẹ́ẹ̀?" Nígbà tó ṣe, wọ́n dìde, wọ́n fọwọ́ ara wọn gbé báàgì náà padà sí yàrá. Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò gbójú sókè.

Bọ̀ọ̀dá Wàsíù ti ní ṣọ́ọ̀bù tiwọn báyìí, Bàbá sì ti dolóògbé. Lóṣù tó kọjá, mo rí fíìmù náà lórí fóònù. Mo dá a dúró, mo kà á dáadáa. Gbogbo ohun tí àgbà yẹn wí ni pé òjò ń bọ̀, kí wọ́n kó igi ìdáná wọlé. Mo rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà mo sunkún. Ọdún kẹta rèé tí èmi àti àbúrò mi ti bá ara wa sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn, nítorí ìjà lórí ilé tí Bàbá fi sílẹ̀. N kì í ṣi òyìnbó kà mọ́, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tí mo jẹ́ nígbà yẹn dàgbà jù mí lọ.

Mo pe àbúrò mi lórí fóònù. Nígbà tó gbé e, n kò rí òwe kankan pa.

"Òjò ti ṣú lọ́dọ̀ wa níbí," ni mo wí. "Ṣé o ti kó aṣọ wọlé?"