Ìbákà, Àfòpiná àti Etí Ìyá Àgbà

Ìkòkò ń hó lórí ààrò, òórùn eérú sì ti gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé wa n'Ílá. Ìyá tó bí ìyá mi jókòó tì í lórí àpótí, ó tẹ́tí sí i. Ilé kòkòrò ló ń sè, èyí tí wọ́n fi ń ran òwú sányán. Ìró omi náà ló fi ń mọ̀ bó bá ti rọ̀ tó. Bí ìró yẹn bá ti yí padà, á ní, "Ó ti tó," á sì sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Igi ìrà tó wà létí ògiri la ti ń ká ilé kòkòrò náà, lẹ́yìn tí àwọn àfòpiná bá ti lu ihò jáde lọ. Àfòpiná wọ̀nyí kò lẹ́wà lójú mi. Wọ́n á kàn lẹ̀ mọ́ èèpo igi, wọn ò ní pariwo, wọn ò ní mira. Ṣùgbọ́n ìbákà kan wà lórí igi yẹn kan náà, àyà rẹ̀ pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀, orin ló fi ń jí wa.

"Ìyá àgbà, ìbákà dáa ju àfòpiná lọ. Àfòpiná ò lẹ́nu."

Ó rẹ́rìn-ín. "Èyí tí ò lẹ́nu yẹn náà lo wọ aṣọ rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Èwo ni ìbákà hun fún ẹ rí?"

Lọ́jọ́ kan mo ti ibi omi dé, mo bá èéfín. Omi ti gbẹ nínú ìkòkò, sányán ń jóná, ìyá àgbà sì jókòó tì í, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo pariwo, kò wẹ̀yìn. Mo di èjìká rẹ̀ mú.

"Mò ń dúró de omi ni," ó ní. Ó gbójú sókè sí igi. "Ìbákà náà ti ṣí lọ, àbí? Ó pẹ́ tí n ò ti gbọ́ ọ."

Ìbákà wà lókè orí wa gan-an, ó ń kọrin. N ò lè sọ fún un. Ẹ̀rù bà mí pé ohùn tèmi ló kàn tí kò ní gbọ́ mọ́.

Ó wò mí títí, ó sì mọ̀. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé mi lọ́fun, ó ní, "Kọrin."

Bẹ́ẹ̀ la ń ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ fún ọdún púpọ̀, títí ohùn mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í ki. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ mọ̀ nínú ilé. "Háà," ó ní, "o ti ń dàgbà." Kò gbọ́ ohùn tí mo ń lò báyìí rí. Bí ilé bá dákẹ́, mo ṣì máa ń fi pè é.