Ẹ̀rọ Tí A Ò Gbọdọ̀ Pa

Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Yopougon, Tọ́ntọ́n Matiyáàsì, ọ̀gá mi, mú mi wọ yàrá kékeré kan tó tutù bí ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí. Ó nawọ́ sí ẹ̀rọ dúdú kan tó ń kùn ní igun yàrá, ó ní kí n kí i. Mo rò pé àwàdà ni. Òun fúnra rẹ̀ tẹrí ba díẹ̀, ó ní, “Ẹ káàárọ̀, ẹ kú iṣẹ́ o.” Ìgbà tí èmi náà kí i tán ló tó fún mi ní kọ́kọ́rọ́.

Serveur ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Òun ló ń tọ́jú fáìlì gbogbo aláìsàn, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo kọ̀ǹpútà tó kù nínú ilé ti ń gba ohun tí wọ́n bá ń wá. Ọmọ Porto-Novo ni Tọ́ntọ́n. Bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn òyìnbó níbí, bíi bàbá bàbá tèmi tó wá láti Kétu. Ìjọ kan náà là ń lọ, Fẹlí ló sì ń pè mí bí ìyá mi ṣe ń pè mí nílé. Ohun kan ṣoṣo tó ń fi yangàn ni pé ẹ̀rọ yẹn kò kú rí láti ọjọ́ tó ti tàn án. Bí àlejò bá dé, á tẹ àṣẹ kan, kí àlejò lè rí bó ti pẹ́ tó tí ẹ̀rọ náà ti wà lójúfò. Gbogbo wa níbi iṣẹ́ ló ń bá a yangàn. Kò sẹ́ni tó bèèrè ohun tó máa ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tó bá kú.

Iṣẹ́ tèmi ni àtúnṣe ààbò. Ètò kan wà tó ń darí ẹ̀rọ. Bí kò bá sí, irin lásán ni. Kò sí ètò tí kò ní ihò. Bí àwọn tó ṣe é bá rí ihò kan, wọ́n á fi ohun tí a ó fi dí i ránṣẹ́, ìyẹn ni mise à jour. A kì í ṣàdédé gbé e wọlé. Mo ní ẹ̀rọ kékeré kan tí mo fi ń dán an wò. Màá ka irú ihò tó jẹ́, màá gbé àtúnṣe náà sórí ẹ̀rọ kékeré, màá pa á, màá tún un tàn, màá wá wò bóyá fáìlì ṣì ń ṣí. Iṣẹ́ aláìníyìn gbáà ni. Bó bá lọ dáadáa, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé o ṣe nǹkan kan.

Ihò kan wá dé tó burú. Olè tó bá gba ibẹ̀ wọlé ti di onílé. Mo dán àtúnṣe rẹ̀ wò, kò ba nǹkan kan jẹ́, mo sì gbé e sórí ẹ̀rọ ńlá. Ṣùgbọ́n inú lọ́hùn-ún ètò náà ni ihò yìí wà. Àtúnṣe irú ibẹ̀, bí o bá gbé e wọlé, ó kàn máa jókòó ni; ti àtijọ́ ni yóò ṣì máa ṣiṣẹ́ títí wàá fi pa ẹ̀rọ, tí wàá tún un tàn.

“Tọ́ntọ́n, ẹ jẹ́ ká pa á lọ́jọ́ Àìkú,” mo wí fún un.

“Fẹlí, ọmọdé ni ẹ̀rọ tí o fi ń dán nǹkan wò. Eléyìí ti darúgbó. Bó bá sùn, ta ló máa jí i?”

“Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a kì í fi iná sórí òrùlé sùn.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n a ò ní pa á. C'est non.”

Mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgbà lọ. Ó bi mí bóyá àtúnṣe ti wọlé. Mo ní ó ti wọlé, àmọ́ kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò gbọ́ ìdajì kejì ọ̀rọ̀ mi. “Donc c'est fait,” ó ní, ó ti parí nìyẹn lójú tirẹ̀. Nígbà tí mo padà lọ bá a, ó ní kí n má da ilé ìwòsàn òun rú. Inú bí mi gidigidi.

Àìtètè mólè, olè ń mú olóko. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn nọ́ọ̀sì tan kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lójú gbogbo rẹ̀: a ti ti fáìlì yín pa. Ẹ̀dà tí a fi pamọ́ so mọ́ ẹ̀rọ ńlá yẹn náà, àwọn olè tó gba ihò yẹn wọlé ti ti òun náà pa.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Ìyá Ràṣídà dé. Ọmọ Èjìgbò ni, aṣọ ọmọdé ló ń tà ní ọjà Adjamé Roxy, àìsàn fòníkú-fọ̀la-dìde sì ti ń bá a fínra láti kékeré. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára léraléra débi pé ara rẹ̀ ti kọ irú ẹ̀jẹ̀ kan. Bó bá pẹ́ díẹ̀, àyẹ̀wò lè má rí i mọ́, ṣùgbọ́n ara kì í gbàgbé. Inú fáìlì rẹ̀ nìkan ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ọkọ rẹ̀ gbọ́ tí mo ń sọ Yorùbá, ló bá di ọwọ́ mi mú.

“Madame, gbogbo ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Ẹ̀yin lẹ ní ká má mú káàdì wá mọ́.”

Ó nílò ẹ̀jẹ̀ kíákíá. Dókítà dúró de fáìlì débi tó lè dúró dé. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àyẹ̀wò ní ó bá a mu, wọ́n bá fà á sí i lára. Irú èyí tí ara rẹ̀ kọ̀ ni. Nígbà tó yá, ojú rẹ̀ pọ́n, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú. Ó kú kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Tọ́ntọ́n fúnra rẹ̀ ló pa ẹ̀rọ ńlá, kí àwọn olè má bàa ba nǹkan jẹ́ sí i. Nígbà tí a tún un tàn, ó jí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ń kùn bó ṣe ń kùn tẹ́lẹ̀. Tọ́ntọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún. Kò padà síbi iṣẹ́ mọ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀, mo sì ń bínú sí i di òní.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàbá Ràṣídà wá gba ìwé ikú ìyàwó rẹ̀.

“Madame, wọ́n ní oògùn ẹ̀rọ yẹn ti wà lọ́wọ́ yín kí àwọn olè tó dé.”

“Ó wà lọ́wọ́ wa, bàbá. A tiẹ̀ ti gbé e sínú rẹ̀.”

“Kí ló wá kù?”

“Ká pa á, ká tún un tàn.”

Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi.

“Ṣé iṣẹ́ ọjọ́ púpọ̀ ni?”

Mo fẹ́ parọ́. Ẹnu mi ò gbà á.

“Rárá, bàbá. Ẹ ò ní tíì jẹun tán tó fi máa tàn padà.”

Ó ká ìwé náà, ó fi í sápò. Ó ní, “Ẹ ṣeun, madame,” ó sì jáde lọ wọ ọkọ̀ gbaka tó ń lọ sí Adjamé.